Ìyálé Mi àti Àjèjì Tó Ń Ki Ọmọ Wa Lórí Fóònù

Alhaja Ráfátù Àníkẹ́, Ìyá Sùrájù, Ìyá Mulíkà, Ìyá Àsàlátù. Àníkẹ́ ọmọ olómi tútù, ọmọ afomi-ṣàlejò-kó-tó-béèrè-orúkọ. Àníkẹ́ adúmáadán, arẹwà tí kò fi ẹwà fẹlá. Agbọ́-má-wìí. Abọmọ-onílé-bọmọ-àlejò láṣìírí. Ìyálé tí kò fi ìyàwó ṣe ẹrú rí. Aya Àkànbí, sùn re o. Ọlọ́run yóò tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere.

Oríkì tiwọn àti ti ilé bàbá wọn ni mo kọ yẹn o. Ti ilé ọkọ wa, tí wọ́n máa ń kì jù, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ má bínú sí mi. Tí ẹ bá kà á síwájú, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi orí fóònù, ẹ jókòó, ẹ fún mi láyè, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan, l'Ékòó. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ibi tí ìkọ̀wé mi bá ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò wọ́ rárá!

Èmi ni ìyàwó kejì, Alhaja ni ìyálé mi. Ọkọ wa ti kú tipẹ́, àwa méjèèjì la jọ kù nínú yàrá méjì tó kọjú síra wọn. Láti ọjọ́ tí ìyálé mi ti kú ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí léèrè pé ṣé orogún rẹ lo ń sunkún fún tó báyìí? Bẹ́ẹ̀ ni! Orogún mi ni. Ta ló ní kí n má sunkún?

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mi ò kì í gbàgbé orúkọ. Èmi ni wọ́n máa ń wá bá nínú agboolé tí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó bí ẹni tó bí ẹni. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí mi ò ní kọ lónìí, orúkọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ọmọ ọmọ mi ni, ọmọkùnrin mi ló bí i. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà yẹn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé yìí, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá Kékeré, ẹ kọ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ mi." Nítorí náà, "ọmọ wa" ni n ó máa pè é.

Àbújá ni bàbá àti ìyá ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ló wà tó ti ń lọ sí iléèwé. Ní àràárọ̀, tó bá ti wọ yunifọ́ọ̀mù tán, á wá kúnlẹ̀ níwájú ìyálé mi, wọn á sì kì í. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu ìyálé mi dùn! Ẹ mọ̀ pé àwa ìyàwó ilé la máa ń mọ oríkì ilé ju àwọn ọmọ ilé lọ. Wọn á bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tó tẹ ilé dó, wọn á kì í sọ̀kalẹ̀ wá sórí ọkọ wa, wọn á kì í dé orí ọmọ wa tó kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Orí ọmọ náà á wú. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dìde.

Lọ́jọ́ kan ló gbé fóònù rẹ̀ lé ojú fèrèsé, ó ká ìyálé mi sínú fídíò, ó sì gbé e sórí ayélujára. Háà! Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ kọjá àlà. Àwọn tó wà lókè òkun ń sunkún sínú kọ́mẹ́ǹtì pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kì àwọn báyìí.

Nígbà tó débá wa, ó ní, "Ìyá Àgbà, èèyàn tó ti wò yín ti pọ̀ o!"

Ìyálé mi ní, "Àwọn ta ni?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n o, mà."

"O ò mọ̀ wọ́n? Wọ́n wọ àgbàlá wa, wọ́n rí mi níbi tí mi ò ti wé gèlè dáadáa, o ò sì bi wọ́n léèrè orúkọ?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn, ìyálé mi á ti tún ìborùn wọn ṣe kí ọmọ wa tó dé. Wọn á dúró, wọn á bi í pé ṣé o ti tẹ̀ ẹ́? Tó bá ní òun ti tẹ̀ ẹ́, oríkì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó ku ohun méjì tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín. Méjèèjì ti wà nínú fídíò yẹn, kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi wọ́n pa mọ́ mọ́.

Èkíní, bàbá tó tẹ ilé wa dó ní àbúrò kan tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà, láyé ìgbà tí kò sí ọkọ̀ òfuurufú. Kò padà wálé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ pé ó kú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ pé ó wà láàyè. Wọ́n fi í sínú oríkì. Títí di òní, tí a bá ń ṣe àdúà nínú agboolé wa, a máa ń tọrọ fún àwọn tiwa tó wà lọ́nà. Tí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Olówógbowó, ẹ béèrè wò. Ìdílé tó ní ẹni tó lọ tí kò dé pọ̀ rẹpẹtẹ. Ti àwọn kan wà ní Sàró, ti àwọn kan wà ní Bùràsíìlì. Tiwa ni ti ọ̀nà Mẹ́kà.

Èkejì, àwọn ọmọ ilé wa máa ń ní àmì dúdú kan ní èjìká. Ọkọ mi ní in. Ọmọ mi ní in. Ọmọ wa náà ní in. Ìyẹn náà wà nínú oríkì.

Ẹnì kan wá kọ̀wé sí ọmọ wa ní ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù. Kò sọ fún un pé ó rẹwà o! Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ wa ì bá ti lé e lọ lójú ẹsẹ̀, mo mọ ọmọ mi. Ṣe ni ọkùnrin yìí sọ ohùn ránṣẹ́, ó ń kì í. Ó ki oríkì ilé wa láti òkè délẹ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀, ó wá ní òun ni àrọ́mọdọ́mọ bàbá tó rìn lọ sí Mẹ́kà. Ó ní ìyá òun bú sẹ́kún nígbà tó gbọ́ ohùn ìyálé mi nínú fídíò, pé oríkì tí bàbá bàbá òun ń kì kó tó kú nìyẹn. Ó ní òun ti wà ní Èkó báyìí, òun ń wá ilé.

Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní gbà á gbọ́? Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ká ní èmi ló kọ ọ́ sí, ìkòkò ọbẹ̀ ì bá ti wà lórí iná! Àwa tí a ti ń ṣe àdúà fún ẹni tó wà lọ́nà láti ayé bàbá, ẹnì kan wá ní òun ti dé. Ọmọ wa kò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni àjèjì yìí ti rí oríkì wa. Inú fídíò wa náà ni! Ohun tí a fi ẹnu ara wa kì ló kó, òun ló fi ń kí wa.

Ọmọ wa fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù, nítorí ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó ti gbèrò pé ọjọ́ Iléyá ni òun yóò mú ọkùnrin náà àti ìyá rẹ̀ wọlé, kí ìyálé mi dédé gbójú sókè nídìí ẹran, kí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ ọkọ wọn tó ti sọnù láti ìgbà pípẹ́.

Ọkùnrin yẹn wá ní ìyá òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ilé ni ọmọ wa lóòótọ́. Ó ní kó fi àmì èjìká hàn. Ẹ gbọ́ mi o! Àjèjì ló ń bi onílé léèrè ẹ̀rí! Ọmọ wa ṣí híjáàbù rẹ̀, ó fa ọrùn aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àmì náà lè hàn, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́.

Ìgbà yẹn ni ohùn yí padà. Ó ní kó wá pàdé òun níbì kan ní Lẹ́kí, kó dá wá, kó wá lásìkò iléèwé, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ wa ní rárá o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá sílé, olórí ẹbí wà nílé. Ọkùnrin náà ní ìyẹn kò ní ṣeé ṣe. Ara wá ń fu ọmọ wa. Ó ní òun kò wá mọ́. Ni ẹni tó ń kì í láti ọjọ́ yìí bá ní tí kò bá wá, òun yóò fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń wo fídíò rẹ̀ àti sí àwọn olùkọ́ ilé kéwú rẹ̀, òun yóò sì sọ fún wọn pé irú ẹ̀ ló máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọkùnrin.

Oúnjẹ kọ̀ láti wọ ọmọ yìí lẹ́nu. Èmi rò pé ibà ni. Mo lọ se àgbo, mo dúró tì í kó mu ún tán, mo ń pariwo lé e lórí pé ẹ̀yin ọmọ òde òní ò kì í fẹ́ lo nǹkan kíkorò. Ẹni orí fóònù ni mo ń fi àgbo lé!

Kì í ṣe èmi ló wá sọ fún. Ìyálé mi ló lọ bá.

Híjáàbù ni ìyálé mi ń tà ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń ká ọjà sínú àpótí, èmi sì wà nínú yàrá mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ọmọ wa ní, "Ìyá Àgbà, tí mo bá sọ nǹkan kan fún yín, ṣé ẹ máa gba fóònù mi?"

Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n lò. Kí ni n ó fi ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì di ẹkún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí oríkì dé orí fọ́tò. Ìyálé mi kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Wọ́n dẹ etí sílẹ̀. Wọ́n mi orí.

Wọ́n ní, "Ọmọ ilé wo ló máa ń pe ọmọ jáde? Wíwọlé ni ọmọ ilé máa ń wọlé. Ẹni tó bá ti ọ̀nà Mẹ́kà bọ̀, ọ̀dọ̀ Múfútáù ni yóò kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀. Yóò ní kí wọ́n mú òun lọ síbi sàréè bàbá tó tẹ ilé dó, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi lọ́hùn-ún yẹn. Kí ló ń wá ní Lẹ́kí?"

Múfútáù tí wọ́n dárúkọ yẹn, Bàbá Múfútáù ni o, olórí ẹbí wa. Ìyálé mi nìkan ló lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀ láìfi Bàbá sí i, nítorí ìyálé mi ti di ìyàwó ilé yìí kí wọ́n tó bí Bàbá Múfútáù.

Ìyálé mi ní kí ọmọ wa tẹ ibi tí wọ́n ti ń sọ ohùn sínú fóònù. Wọ́n tún ìborùn ṣe, bí ẹni pé ọkùnrin náà ń wò wọ́n! Wọ́n ní, "Ọmọ ọ̀nà Mẹ́kà, káàbọ̀ o. Ó ti pẹ́ tí a ti ń retí yín. Wá sílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo ilé yóò jókòó dè ọ́. Mú ìyá rẹ dání. Tí o bá dé Ìsàlẹ̀ Gángan, béèrè Ìyá oníhíjáàbù, wọn ó mú ọ wá."

Èsì dé kíákíá. Ó bú wọn. Èébú yẹn kò ṣeé kọ síbí. Ìyálé mi ní kí ọmọ wa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n wá ní, "Ó tán. Kì í ṣe tiwa. Ọmọ ilé wa ò lè bú mi láìkọ́kọ́ kí mi."

Ara mi kò gbà á mọ́, mo sáré jáde. Mo ti ń sunkún. Mo ní ẹ jẹ́ ká bẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀, kí bàbá ọmọ má gbọ́, kí ará ilé má gbọ́. Mo ní ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la? Kí ni Alfa ilé kéwú yóò sọ? Ẹ̀yin náà ẹ fi ara yín sípò mi. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?

Ìyálé mi fi ọwọ́ fa mi jókòó sórí àpótí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, nǹkan kan ṣoṣo ni olóṣì yìí ní lọ́wọ́. Ó rò pé a ò ní fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Tí ará ilé bá ti gbọ́ lẹ́nu wa, kí ló tún kù tí yóò tà?"

Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wa. Ohun tí wọ́n ṣe yìí ni mo fi ń yangàn kiri títí dòní. Agbára wà lọ́wọ́ wọn láti pe gbogbo ilé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Tìrẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Tí o bá ní kí n má sọ, mo ti gbé e mì. Tí o bá ní kí n sọ, n ó sọ ibi tí o bá fẹ́, n ó fi ibi tí o ò fẹ́ sílẹ̀."

Ọmọ wa fi híjáàbù nu ojú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì mí."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìyálé mi ti ránṣẹ́ pe Mulíkà ọmọ wọn, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní kọ̀ǹpútà. Mulíkà ní kí ẹnikẹ́ni má pa nǹkan kan rẹ́. Ó ya gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà kọ ní fọ́tò bó ṣe wà lójú fóònù. Ó ní kí a má fún un lésì mọ́. Ó ti akáǹtì ọmọ wa mọ́ àjèjì, kó lè jẹ́ pé ẹni tí ọmọ wa bá mọ̀ nìkan ni yóò máa rí i. Ó wá béèrè pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ọmọ wa wolẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni!

Mulíkà ní, "Oríkì tí Màmá fi ń kì ọ́ lójú gbogbo ayé láàárọ̀, òun lo fi ti ilẹ̀kùn?" Ìyálé mi bú sẹ́rìn-ín. Mulíkà náà ò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Ọmọ wa pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n yí i padà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n yí i sí, mi ò sì béèrè.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, gbogbo ilé péjọ sí àgbàlá. Bàbá Múfútáù jókòó sórí àga wọn. Àwọn ìyàwó ilé jókòó sórí ẹní. Ọmọ wa dìde láàrin ìyálé mi àti èmi. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n! Ó ṣàlàyé bí ọkùnrin náà ṣe kì òun, bó ṣe tan òun, bó ṣe gba fọ́tò èjìká, bó ṣe ń halẹ̀. Ó ní, "Tí fọ́tò kan bá wọ fóònù yín, èmi ni. Mò ń bẹ̀ yín, ẹ má wò ó, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn."

Ìyá Lúkúmọ́nù wà níbẹ̀. Ìyàwó ilé wa ni, ara ilé rere ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní, "Ọmọ ayé òde òní! Láyé tiwa, ta ló jẹ́ gbé èjìká fún ọkùnrin wò? Ẹ ra fóònù fún wọn, ẹ tún ń..."

Ìyálé mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Wọ́n rọra pè é. "Ìyá Lúkúmọ́nù."

"Ẹ̀n, mà."

"Ṣé kí n sọ ti Ìdúmọ̀tà ni?"

Ìyá Lúkúmọ́nù ya ẹnu, ó tún un pa dé. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, mo fi Ọlọ́run bura! Ìyálé mi kò sì sọ ọ́ títí tí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ìyàwó ilé tó jókòó síbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, nítorí olúkúlùkù ló ní Ìdúmọ̀tà tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyálé mi. Ló bá di ẹ̀rín. Ìyá Lúkúmọ́nù alára ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Bàbá Múfútáù wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ ilé kan ti sọ pé wọ́n fẹ́ jí òun gbé, ó sì ti sọ ọ́ fún wa kó tó pẹ́ jù. Wọ́n ní ẹni tó bá fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí ibìkan, kó mọ̀ pé òun Múfútáù ló fi wọ́lẹ̀.

Ọkùnrin orí fóònù yẹn kò sì parọ́ nípa ohun tó halẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ lóòótọ́! Gbogbo ará ilé tó ti ń kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ fídíò láti ọjọ́ yìí ló kó orúkọ wọn jọ. Ọjọ́ Sátidé ni, a wà nílé. Fóònù dún ní yàrá iwájú. Ó dún ní yàrá ẹ̀yìn. Ó dún lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú.

Bàbá Múfútáù gbé fóònù wọn sókè, wọ́n kígbe sí gbogbo ilé pé, "Nǹkan kan wọlé sínú fóònù mi o! Mi ò rí awò ojú mi, mi ò sì ní wá a!" Wọ́n nà án sí Mulíkà pé kó bá àwọn pa á rẹ́.

Ìyá Lúkúmọ́nù ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn ṣe! Ó jáde sí àgbàlá, ó di gbàjá mọ́ àyà, ó sọ ohùn sínú fóònù padà fún ọkùnrin náà. Ó ní, "Ìwọ olè oríkì, ìròyìn tútù lo gbé wá! A ti gbọ́ ọ látàná. Ọmọ wa ló sọ ọ́ fún wa lẹ́nu ara ẹ̀. Ṣé o ò ní iṣẹ́ ni? Wá sílé kí n fi omi gbígbóná kí ọ káàbọ̀!" Mulíkà ń pariwo pé a ti ní kí ẹnikẹ́ni má fún un lésì. Ó ti bọ́!

Kò sí ẹnì kan nínú ilé wa tó fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹyọ ẹnì kan kò ṣe é! Alfa ilé kéwú náà rí tiwọn gbà. Wọ́n tẹ Bàbá Múfútáù láago, wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́, pé kí ọmọ wa wá sí kéwú rẹ̀ bó ṣe máa ń wá.

Bàbá ọmọ wa wá láti Àbújá. Òun àti Mulíkà kó gbogbo ohun tí Mulíkà ti yà lójú fóònù, wọ́n lọ fi tó ọlọ́pàá létí, wọ́n sì fẹjọ́ akáǹtì ọkùnrin náà sùn lórí ìkànnì tó wà. Wọ́n ti akáǹtì yẹn pa. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, mi ò lè sọ fún yín pé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ká má parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wa wà nílé, ó ń jẹun, ó ń lọ sí iléèwé. Kò lọ sí Lẹ́kí.

Nígbà tó ṣe, mo kíyè sí i pé oníbàárà ìyálé mi ti ń pọ̀ sí i. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké láti òpópónà wa àti òpópónà kejì. Wọn á yẹ híjáàbù wò, wọn á tún un ká, wọn ò ní rà á. Wọn á jókòó sórí àpótí. Wọn á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀kan á sunkún díẹ̀. Ìyálé mi á bi í pé ṣé o ti jẹun? Nígbà míràn wọn á pe Mulíkà. Nígbà míràn wọn á mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọn á sì jókòó tì í títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán.

Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ènìyàn, mo mọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ yẹn. Ohun tí wọ́n sọ ni mi ò mọ̀. Mo béèrè o! Mo béèrè láìmọye ìgbà! Ìyálé mi á ní, "Ìyàwó, lọ wo iná." Iná tí kò sí lórí ààrò!

Wọn ò fi kíkì sílẹ̀. Ọmọ wa ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì ń kì í láti òkè délẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Fóònù ni kò sí lójú fèrèsé mọ́. Tí ọmọ wa bá fẹ́ ṣe fídíò, wọn á kọ́kọ́ jókòó, wọn á jọ sọ ohun tí yóò wọ inú rẹ̀ àti ohun tí yóò kù sínú ilé. Wọ́n wá ń bi àwọn ènìyàn nínú fídíò náà pé ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí yìí, ta ni ń kì yín nílé?

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Oríkì ilé yín, orúkọ ìyá yín, àmì ara yín, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, ohun tí a fi ń mọ ara wa ni. Ẹni tó bá gbé gbogbo rẹ̀ síta, kó má yà á lẹ́nu tí àjèjì bá fi kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní kí ẹ má sọ fún ará ilé, ohùn rẹ̀ ìbáà dùn ju ti ìyálé mi lọ, ẹ sọ fún ará ilé. Àwa àgbà ńkọ́? Tí ọmọ bá ń bi wá pé ṣé ẹ máa gba fóònù mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọmọ tó mọ̀ pé a ó pariwo kò ní sọ. Èmi gan-an ni mo wí bẹ́ẹ̀, èmi tí ohùn mi ń dé Ìdúmọ̀tà.

Ẹ̀yin náà, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí? Ta ni ọmọ yín lọ bá? Kí ni ẹni náà ṣe? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí kí a jọ gbọ́, mo máa ń ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ ọmọ.

Ó ku ọjọ́ ìsìnkú tí mi ò tíì sọ.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ ni ìyálé mi kú. Wọ́n kírun Súbúhì tán, wọ́n ní ó rẹ àwọn, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èmi ni mo pa ojú wọn dé. Kí oòrùn tó gòkè, ilé ti kún. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ Àsàlátù wọn wẹ̀ wọ́n, wọ́n fi aṣọ funfun wé wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé wọn jáde, àwọn mọ̀lẹ́bí kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ sí í na fóònù sókè. Ọ̀kan ní òun fẹ́ gbé e sórí ayélujára kí àwọn ará òkè òkun lè rí wọn.

Ọmọ wa dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ó na apá méjèèjì. Ojú rẹ̀ wú, omijé ń bọ́. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù sápò. Ẹnikẹ́ni ò gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn."

Ẹnì kan ní, "Ta ni ọmọ yìí?"

Bàbá Múfútáù ní, "Ọmọ ilé ni. Ẹ ṣe ohun tó wí."

Gbogbo wọn fi fóònù sápò. Ọmọ wa kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbé ìyálé mi kọjá.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ náà ni a sin Alhaja Ráfátù Àníkẹ́.